Àwòrán Ara Ògiri àti Ẹni tí Ó Ń Sọ̀rọ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rẹ̀: Láti Ìgbà Fìtílà Àwòrán dé Ìgbà Síláìdì Kọ̀ǹpútà

Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ìtàn àwòrán tí a ń fi iná gbé sára ògiri tàbí sára aṣọ funfun láti fi kọ́ ènìyàn ní ẹ̀kọ́. Síláìdì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní mọ̀ ọ́n sí. Orí kọ̀ǹpútà ni àwọn tíṣà ti ń ṣe é, orí fóònù ni wọ́n sì ti ń fi í ránṣẹ́ sí ara wọn. Ṣùgbọ́n nǹkan náà ti wà tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni ó mú wa kọ ìtàn yìí. Ìwé ìdánwò ni. Nígbà tí a ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí kò jìnnà sí Bẹẹrẹ, a rí i pé ó ju ìdajì kíláàsì kan lọ tí ó kọ gbólóhùn yìí sílẹ̀: 'A kì í fi owó òṣì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà.' Ọmọ kan lè ṣi ọ̀rọ̀ kọ. Ṣùgbọ́n bí odidi kíláàsì bá ṣi í kọ lọ́nà kan náà, orísun kan ni wọ́n ti pọn ọ́n. A wádìí, a sì rí i pé síláìdì kan ni gbogbo wọn dà kọ. Ibi tí ìwádìí náà gbé wa dé ni a óò fi parí ọ̀rọ̀ wa.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àwòrán ara ògiri kì í dá kọ́ ènìyàn. Ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó ń fi èdè àwọn olùwòran sọ̀rọ̀, ni ó ń kọ́ wọn. Ẹni náà gan-an ni ìwé ìtàn kì í sábàá dárúkọ.

Ní ti orúkọ, a kò fẹ́ dá orúkọ tuntun sílẹ̀ fún ohun tí ará ìlú ti sọ lórúkọ. Síláìdì ni a óò máa pè é. Ti àtijọ́, tí wọ́n ń yà sórí gíláàsì tí wọ́n sì ń tan fìtílà sí lẹ́yìn, ni a óò máa pè ní fìtílà àwòrán. Àwọn Hausa ní tiwọn mú orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe fìtílà yìí, wọ́n sọ ọ́ di majigi, wọ́n sì fi ń pe sinimá tí ìjọba ń gbé wá síta gbangba. Àwa kò gba ìyẹn. Ọ̀rọ̀ sinimá ni ó wọ̀ wá lẹ́nu.

Fìtílà àwòrán

Christiaan Huygens, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, ni a mọ̀ pé ó ṣe irú fìtílà yìí ní 1659. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Iná yóò wà nínú àpótí, gíláàsì tí a ya àwòrán sí yóò wà níwájú iná, awò yóò sì wà níwájú gíláàsì. Awò náà ni ó ń sọ àwòrán kékeré di ńlá lára ògiri. Ṣùgbọ́n ó tún ń dojú rẹ̀ délẹ̀, nítorí náà a ní láti dorí gíláàsì kodò nínú àpótí kí àwòrán tó lè dúró dáadáa. Fún nǹkan bí igba ọdún, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya gbogbo àwòrán wọ̀nyí. Ní nǹkan bí 1850 ni àwọn Langenheim, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwòrán kámẹ́rà sórí gíláàsì. Láti ìgbà náà ni àwòrán ìlú òkèèrè ti lè dé ojú ẹni tí kò kúrò nílé rí.

Àwọn míṣọ́nnárì tètè rí ìwúlò rẹ̀. Ní 1854, David Livingstone gbé fìtílà àwòrán dé ọ̀dọ̀ Shinte, ọba kan láàárín àwọn Balonda, ní agbègbè ibi tí Zambia àti Àǹgólà ti pààlà. Àwòrán àkọ́kọ́ tí ó fi hàn ni ti Ábúráhámù tí ó na ọ̀bẹ sókè láti fi ọmọ rẹ̀ rúbọ. Bí Livingstone ti ń fa gíláàsì náà kúrò, ọ̀bẹ náà ń rìn lára ògiri, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tí wọ́n jókòó. Wọ́n kígbe pe ìyá wọn, wọ́n sì sá lọ. Shinte nìkan ni kò mira títí wọ́n fi parí. Livingstone fúnra rẹ̀ ni ó kọ èyí sínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1857. Ó fi kún un pé bí òun bá fi àwòrán hàn tán ni òun máa ń ṣàlàyé bí fìtílà náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ka ìtàn yìí, wọ́n sì ti fi àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ní ojú tiwa, àwọn obìnrin náà ka àwòrán náà ní àkàyé. Ọ̀bẹ ni wọ́n rí, ó sì ń bọ̀. Àlàyé ni kò tètè dé.

Ní Ìbàdàn, David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna dé ní 1853 láti ṣiṣẹ́ ìjọ C.M.S., wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Samuel Johnson tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá wà lára àwọn ọmọ tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ní 1872, lẹ́yìn tí Anna ti kú, wọ́n tẹ ìwé kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù nípa ọdún mẹ́tàdínlógún tí ó lò ní ilẹ̀ Yorùbá. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú kí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáwó fún iṣẹ́ ìjọ. Nígbà tí ó fi máa di ìparí sẹ́ńtúrì náà, fìtílà àwòrán ti dara pọ̀ mọ́ ìwé. C.M.S. ní ibi tí wọ́n ń kó gíláàsì àwòrán pa mọ́ sí, wọ́n ń yá àwọn ìjọ tí ó wà káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí a ti ń yá ìwé ní láíbìrì.

Ó yẹ kí àwa tíṣà fi ọkàn sí ohun kan nínú ètò yìí. Gíláàsì nìkan kọ́ ni ó wà nínú àpótí tí wọ́n ń yá ni. Ìwé kékeré kan máa ń bá a rìn, tí wọ́n ti kọ ohun tí ẹni tí yóò fi àwòrán hàn ní láti sọ nípa gíláàsì kìíní, èkejì, ẹ̀kẹta, títí dé òpin. Ẹni tí kò dé ilẹ̀ Áfíríkà rí lè dúró ní abúlé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó sì kà á ketekete. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń kọ ọ́. Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó lè fi Yorùbá kọ irú rẹ̀ nílé. Láti 1875 ni ìpàdé tí C.M.S. ṣe ní Èkó ti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ní 1911, I. B. Akínyẹlé tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní Yorùbá pọ́ńbélé.

Ọkọ̀ sinimá ní ẹsẹ̀ Mápó

Ní oṣù kẹjọ 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi àwòrán tí ń rìn hàn ní Èkó, ní Gbọ̀ngàn Glover. Eré ìdárayá olówó ni ìyẹn. Ohun tí ó sọ àwòrán di ẹ̀kọ́ fún mùtúmùwà ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924. William Sellers, òṣìṣẹ́ ìlera kan tí ìjọba amúnisìn gbà, bẹ̀rẹ̀ sí í lo síláìdì àti fíìmù láti fi ṣàlàyé bí eku ṣe ń tan àrùn náà ká àti ìdí tí ó fi yẹ kí a pa wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ sínú ọkọ̀, wọ́n sì ń gbé e kiri. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé-iṣẹ́ fíìmù sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní 1939, Sellers ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀.

Sellers gbà pé ojú ará oko ní Áfíríkà kò tíì mọ àwòrán kà. Ó ní kí fíìmù máa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí a má ṣe kó nǹkan púpọ̀ sínú àwòrán kan, kí a má sì tètè fò láti ibì kan sí òmíràn. Àwọn aláṣẹ ìgbà náà ní ìtàn kan tí wọ́n fẹ́ràn láti máa fi gbe èyí lẹ́sẹ̀: wọ́n ní àwọn ará abúlé kan rí ẹ̀fọn ràgàjì lára aṣọ, wọ́n sì dáhùn pé ẹ̀fọn tiwọn kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò kàn wọ́n. Oríṣiríṣi ibi ni wọ́n ti ń sọ ìtàn yìí. Nígbà mìíràn iná orí ni, nígbà mìíràn eṣinṣin ni. Ìtàn tí ó bá ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo báyìí, ó yẹ kí a fura sí i.

Ẹni tí ó bá rò pé ará Ìbàdàn kò mọ àwòrán kà, kí ó wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ sè ni àwọn obìnrin fi ń ya á kí wọ́n tó rì í sínú aró. Wọ́n pín aṣọ náà sí ojú igun mẹ́rin-mẹ́rin, àwòrán sì wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan. Èyí tí gbogbo ènìyàn fi ń dá a mọ̀ ni àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, pẹ̀lú ṣíbí láàárín òpó kan àti èkejì. Obìnrin tí ó ya òpó àti ṣíbí, tí ó retí pé kí ẹni tí ó rà á mọ̀ pé ìlú Ìbàdàn ni òun ń sọ pé ó dùn, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun bí a ṣe ń ka àwòrán. Ẹ sì kíyè sí i pé aṣọ náà ní orúkọ. Orúkọ náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ alálàyé.

Nínú iṣẹ́ Sellers àti àwọn tí ó tẹ̀lé e, alálàyé yìí ni igi lẹ́yìn ọgbà. Fíìmù wọn kì í sábàá ní ohùn tirẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan ni yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí yóò máa fi èdè ìlú tí wọ́n bá dé sọ ohun tí ó ń lọ. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá mọ́, ẹ̀kọ́ wọlé. Bí kò bá mọ́, eré ni wọ́n wò. A mọ orúkọ Sellers. A mọ àkọlé àwọn fíìmù rẹ̀, bí èyí tí wọ́n ṣe ní 1937 nípa bí a ṣe gbógun ti àrùn eku ní Èkó. Ta ni ó fi Yorùbá ṣàlàyé wọn? Ó ṣòro láti rí orúkọ kan ṣoṣo dì mú.

Nígbà tí a ń kó ọ̀rọ̀ jọ fún bébà yìí, a lọ bá àwọn àgbà díẹ̀ ní Béyerúnká àti ní ẹ̀yìn Ọjà'ba, tí wọ́n jẹ́ ọmọdé kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Ìyá àgbà kan rántí ọkọ̀ sinimá ìjọba tí ó máa ń dúró ní ẹsẹ̀ òkè Mápó bí ilẹ̀ bá ti ṣú. A bi í pé àwòrán kín ni wọ́n wò. Ó wò wá lójú, ó ní, 'Tíṣà, èwo ni ti àwòrán? Ọkùnrin tí ń sọ̀rọ̀ yẹn ni mo mọ̀.' Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sín ọkùnrin náà jẹ. Kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn, ìyá ní. Bí ó bá ti sọ pé kí wọ́n ṣe ìmọ́tótó, kí wọ́n má ṣe da ilẹ̀ sójú àgbàrá, àwọn ọmọdé yóò máa pe 'ṣe' náà tẹ̀ lé e, wọn yóò máa rẹ́rìn-ín, nítorí pé 'se' ni àwọn ń sọ nílé.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ṣe pàtàkì fún wa ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ. Gbogbo olùkọ́ tí ó ti kọ́ni ní àárín Ìbàdàn ni ó mọ̀ pé ẹ̀ka-èdè ibẹ̀ kò ya 's' sọ́tọ̀ kúrò lára 'ṣ'. Ọmọ Ọjà'ba yóò ra isu, yóò sì jẹ ẹ́. Bí ó bá dé inú kíláàsì, a óò ní kí ó kọ iṣu. Etí rẹ̀ kò lè ràn án lọ́wọ́. Ojú nìkan ni ó lè fi mọ̀ ọ́n, nígbà tí ó bá rí àmì kékeré tí ó wà lábẹ́ 's'. Ó sá eré, ó ṣá igi. Ó sẹ́ ọ̀rọ̀, ó ṣẹ́ igi. Ọwọ́ òsì, ìyà òun òṣì. Ní ẹnu rẹ̀, ọ̀kan náà ni méjì-méjì wọn.

Nígbà tí ọwọ́ tíṣà ń ṣe síláìdì

A kò ní í pẹ́ lórí àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé èyí. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n W.N.T.V. sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní October 31, 1959. Síláìdì kékeré tí wọ́n ń gé láti inú fíìmù kámẹ́rà ti gba ipò gíláàsì. Ní yunifásítì ni èyí ti wọ́pọ̀; ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, ṣáàtì ara ògiri àti pátákó dúdú ni.

Èyí tí àwa fúnra wa bá ní yunifásítì ni ẹ̀rọ tí a ń gbé ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí iná lè gbà kọjá lé lórí. Olùkọ́ wa kan máa ń fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ sí ọ̀rá náà. A kò rí i kí ó gbàgbé àmì ohùn kan rí. Bí ó bá fẹ́ fi ìyàtọ̀ hàn, yóò fi yíǹkì pupa fa àmì sábẹ́ 'ṣ' lójú wa, àmì pupa náà yóò sì tóbi bí ìkúùkù lára ògiri. Àwọn tí ń fi táípúráítà tẹ ìwé nígbà náà ń fi báírò fi àmì sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán. Iṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè sọ pé òun kò mọ 'ọ̀'.

Ní 1987 ni PowerPoint jáde ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Forethought ni ó ṣe é, Microsoft sì ra ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún yẹn kan náà. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún gan-an ni láti tẹ ọ̀rọ̀ sórí irú ọ̀rá tí olùkọ́ wa ń lò. Nígbà tí ó fi dé ọwọ́ tiwa, ọ̀rá ti kúrò nílẹ̀. Láti inú kọ̀ǹpútà ni àwòrán ti ń bọ́ sára ògiri tààrà. Tíṣà tí kò lè ya àwòrán lè fi fótò sí i. Ó lè fi í ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún tíṣà kí ó tó jẹun òwúrọ̀ tán. A kò kẹ́gàn rẹ̀. Àwa náà ń lò ó.

Ṣùgbọ́n ibi tí Yorùbá wà nínú ẹ̀rọ yìí kò gún régé. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá a mọ̀. Ètò tí a ń pè ní Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, ni ó ń pín nọ́ńbà náà. Nínú ètò yìí, 'ẹ' ní nọ́ńbà tirẹ̀, 'ọ' ní, 'ṣ' náà ní. Àwọn ará Vietnam náà ń kọ 'ẹ' àti 'ọ', bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì ohùn ni àmì abẹ́ lẹ́tà jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n 'ẹ́', 'ẹ̀', 'ọ́' àti 'ọ̀' kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni kọ̀ǹpútà ní láti so pọ̀. Bí irú ìkọ̀wé tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà kan kò bá mọ bí a ti ń so wọ́n pọ̀, àmì yóò fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí kékeré òfìfo dúró sí ipò rẹ̀.

Ìrìn-àjò síláìdì kan

A wá padà sí 'owó òṣì'. Síláìdì tí àwọn ọmọ wa dà kọ jẹ́ ti ìwà ọmọlúàbí. Ohun tí ó wà lára rẹ̀ nìyí: 'A ki i fi owo osi gba nnkan lowo agba.' Kò ní àmì kankan. Àwọn ọmọ sì mọ̀ pé àwa olùdánwò a máa yọ máàkì bí kò bá sí àmì, nítorí náà wọ́n fi àmì sí i láti orí ara wọn. Owó ni wọ́n kọ́kọ́ rò, nítorí owó ni ọmọ Ọjà'ba ń gbọ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Lẹ́yìn owó, òṣì ni ó kù. Àwọn àgbà kan ní àdúgbò wa tilẹ̀ ń sá fún ọ̀rọ̀ òsì yìí nítorí pé ó jọ òṣì létí, ọwọ́ àlàáfíà ni wọ́n ń pè é. Bóyá àwọn ọmọ wọ̀nyí kò tíì gbọ́ 'ọwọ́ òsì' nílé rí.

Ọ̀dọ̀ alájọṣiṣẹ́ wa kan ni síláìdì náà ti dé kíláàsì, láti inú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn tíṣà. A bi ẹni tí ó fi í síbẹ̀. Òun náà rí i gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Báyìí ni a ń tọ̀ ọ́ lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnì kan ti pààrọ̀ àwòrán tí ó wà lára rẹ̀. Ẹlòmíràn ti yọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é, ó ní ó ń gba àyè. Obìnrin kan, tíṣà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, sọ fún wa pé nígbà tí òun ṣí i, àpótí kéékèèké ni ó kún inú ọ̀rọ̀ náà. Òun rò pé kòkòrò kọ̀ǹpútà ni, òun sì jókòó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun tún ọ̀rọ̀ tẹ̀ kí ó lè mọ́ lójú. Àánú rẹ̀ ṣe wá. Iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan gbáko ni ó fi pa àmì ohùn Yorùbá rẹ́.

Ní ìkẹyìn a dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe é. Bàbá kan ni, ó ti fẹ̀yìn tì. A kí i, a sọ ohun tí ó gbé wa wá. Ó ní, 'Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi hàn yín.' Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àmì pé síbẹ̀ ṣánṣán, ọwọ́ òsì ni ó sì kọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yà wá lẹ́nu wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ yìí fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ síláìdì kọ̀ọ̀kan, níbi tí olùkọ́ lè kọ ohun tí yóò sọ sí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ní í rí lára ògiri. Bàbá ti kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ gbogbo rẹ̀, bí ìwé kékeré inú àpótí C.M.S. ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n ní Yorùbá. Lábẹ́ èyí tí ó dá wàhálà sílẹ̀, ó kọ ọ́ pé kí tíṣà na ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè kí gbogbo kíláàsì rí i, kí ó sì pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó ka gbólóhùn náà.

Ibì kan lójú ọ̀nà, ẹnì kan ti sọ síláìdì náà di fótò kí ó lè rọrùn láti fi ránṣẹ́. Fótò kì í gbé ohun tí ó wà nísàlẹ̀ yẹn dání.

A ti tún síláìdì bàbá fi ránṣẹ́, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti fẹ́, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ wà lójú ìwé tirẹ̀, a sì ka gbogbo rẹ̀ sínú fóònù kí ohùn lè bá àwòrán rìn. A na ọwọ́ sókè nínú kíláàsì gẹ́gẹ́ bí bàbá ti wí. Ní ti máàkì, a dá a padà fún àwọn ọmọ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn alájọṣiṣẹ́ wa kan sọ pé kò yẹ, pé àṣìṣe ni àṣìṣe ń jẹ́. Ẹ̀dà tí kò ní àmì ṣì ń kiri. Ní ọ̀sẹ̀ tí a ń kọ bébà yìí, tíṣà kan tí a kò mọ̀ rí tún fi í ránṣẹ́ sí wa, ó ní kí a fi kọ́ àwọn ọmọ wa.